Ta ló máa jí lóru? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tá a lè gbà tọ́jú òbí tí iyè ẹ̀ ti ń rá

Nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, màmá mi dìde lórí àga, wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n di etí ìró pọ̀ bí ìgbà téèyàn bá ń so owó mọ́ ọn, kò sì sí kọ́bọ̀ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní ọjà Gbági tí wọ́n ti gbé sílẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá ṣáájú ìgbà yẹn. Mo ní "Màmá, kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ o, ẹ jókòó," wọ́n bá wò mí lójú, wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ẹ́?" Èmi, àbíkẹ́yìn wọn. Mo wọ bátíróòmù lọ sunkún, kí n tó jáde wọ́n ti dé jọ́ńṣọ̀n, ìyá alákàrà ló fà wọ́n lọ́wọ́ padà wálé.

Tó bá jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ wà nìyẹn báyìí, tí WhatsApp ẹbí ti ń gbóná, tí ẹnì kan ní kí màmá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n l'Ékòó, tí ẹlòmíì ní ká gba ẹni tó máa tọ́jú wọn, tí wòlíì kan sì ní kẹ́ ẹ gbé wọn wá sórí òkè, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Ọdún keje rèé tá a ti ń bá a yí nílé tiwa n'Ìbàdàn, a ti gbìyànjú mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra yìí lórí màmá mi, ìkẹrin ṣẹlẹ̀ sí bàbá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kẹ́ ẹ tó pín ara yín, ẹ gbé wọn lọ rí dókítà

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣebí ọjọ́ ogbó ni, wọ́n kàn ń ṣarán ni. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ṣíṣarán o. Tó bá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta ni orí wọn dédé dàrú, tó sì jẹ́ pé lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ṣì ń ka owó wọn dáadáa, ibà lè wà nínú ẹ̀, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀ lè wà nínú ẹ̀, omi ara wọn lè ti gbẹ, ṣúgà lè ti lọ sókè tàbí kó já wálẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni, ẹ má dúró de Mọ́ńdè. Èyí tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, fún ọdún, òun ló sábà máa ń jẹ́ dìmẹ́ńṣíà, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí iyè èèyàn rá, síbẹ̀ náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí pé thyroid inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, fítámì B12 tí kò tó lára, ìbànújẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí ọmọ, etí tí kò gbọ́rọ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ ló lè jọ ọ́, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Piriton tí ọ̀pọ̀ àgbà ń mu kí oorun lè kùn wọ́n, ó lè túbọ̀ da orí wọn rú. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e dání lọ.

N'Ìbàdàn níbí, UCH ní ibi ìtọ́jú àgbàlagbà lọ́tọ̀, Chief Tony Anenih Geriatric Centre, láti 2012 ló ti wà. Abẹ́òkúta ní Aro, Èkó ní ọsibítù ọpọlọ ti Yábàá. Àwọn èèyàn máa ń sá fún méjì ìkẹyìn yìí torí orúkọ, wọn ò fẹ́ kí wọ́n ní wọ́n gbé ìyá àwọn lọ sílé wèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí orúkọ sá. Àwọn tó sì ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, àwọn dókítà UCH àti ti Indianapolis l'Ámẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ẹ̀ ní 1992, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń wọ̀ ní Ìdíkan, wọ́n rí i pé ó ń ṣe àwọn àgbà wa náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn aláwọ̀dúdú Indianapolis.

Oríṣi dìmẹ́ńṣíà tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní Alzheimer. Òmíì sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tàbí rọpárọsẹ̀ ló ba iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ jẹ́, ìdí nìyẹn tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò fi gbọdọ̀ já. Kò tíì sí oògùn tó ń wo Alzheimer sàn. Donepezil lè ran àwọn kan lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ìtọ́jú gan-an, ọwọ́ èèyàn ló wà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Nígbà tá a kọ́kọ́ jókòó ìpàdé ẹbí, ohun tá a fi ń wọ̀n ọ́n ni owó, àti ta ni ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ màmá jù. Méjèèjì ṣì wá lọ́nà. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, ta ló máa jí lóru? Ọ̀sán rọrùn, ojú pọ̀, àlejò ń wọlé. Aago méjì òru ni wọ́n máa dìde tí wọ́n á máa ṣí ilẹ̀kùn, tí wọ́n á ní ilé ọkọ kọ́ nibí, àwọn ń lọ sílé bàbá àwọn, ẹni tó sì bá wọn jí lónìí tún máa bá wọn jí lọ́la, ọ̀sẹ̀ kẹta ni ara ẹni yẹn máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀, ìbínú á dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ arúgbó tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Mo ti ṣe é rí. Mo ti fà wọ́n lápá rí kí wọ́n lè jókòó, mi ò lè gbàgbé ojú tí wọ́n fi wò mí.

Lẹ́yìn òru, ẹ wo ibi tí àìsàn náà dé. Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà nígbà ogún lóòjọ́ àmọ́ tó ṣì ń wẹ̀ fúnra ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń rìn kiri, ìyẹn náà sì yàtọ̀ sí ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa mọ́. Ọ̀nà tó dáa fún àkọ́kọ́ lè pa ẹni ìkẹta.

Owó ńkọ́? Ẹ má ka owó oṣù nìkan. Pámpásì àgbà, tí wọ́n bá ń lo mẹ́rin lóòjọ́, ọgọ́fà ló máa lọ lóṣù. Ọṣẹ, omi, jẹnẹrétọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Èyí tó kẹ́yìn, èyí tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè, ni pé lọ́jọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú wọn bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ta ló máa rọ́pò ẹ̀?

Kí ọmọ kan lọ máa gbé tì wọ́n nílé tiwọn

Èyí la kọ́kọ́ ṣe. Mo fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ l'Óṣogbo, mo kó padà sínú yàrá tí mo sùn sí nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì.

Ohun tó dáa níbẹ̀ pọ̀. Ọpọlọ lè gbàgbé ilé, ẹsẹ̀ kì í tètè gbàgbé, nínú òkùnkùn màmá mi mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà láìtan iná. Àdúgbò mọ̀ wọ́n, àwọn ọlọ́kadà jọ́ńṣọ̀n ní nọ́ńbà mi, bí wọ́n bá rí wọn tí wọ́n ń lọ wọ́n á pè mí, kò sí géètì kankan l'Ékòó tó lè ṣe ohun tí ìyá alákàrà yẹn ń ṣe fún wa. Ẹni tó sì ń tọ́jú wọn mọ ìtàn wọn, ó mọ irú ọbẹ̀ tí wọ́n fẹ́, ó mọ̀ pé tí wọ́n bá ń pe "Àjọkẹ́" àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n ń pè.

Ilé náà fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. A fi ìdérí onírin sórí kànga a sì tì í ní pádílọ́ọ̀kì, a kó sílíńdà gáàsì síta, a ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kó má baà gbé wọn ṣubú, a sì ní láti yọ dígí ńlá inú yàrá wọn torí wọ́n máa ń kí obìnrin inú ẹ̀, tí kò bá dáhùn wọ́n á bínú. Mo rán orúkọ wọn àti nọ́ńbà mi mọ́ abẹ́ gbogbo bùbá wọn.

Ibi tó ti ń dunni ni pé gbogbo ẹbí máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ kọ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ jẹun. Láàárín ọdún kan ẹ̀yìn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ti ná gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ sí kóópù, ọkọ mi l'Óṣogbo ń gbìyànjú àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti ń sú u. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́ wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣe tiwọn. Ohun tí mo ń bẹ yín ni pé tẹ́ ẹ bá mú ọ̀nà yìí, ẹ san owó oṣù fún ọmọ tó dúró, owó gidi, tó ní déètì, kì í ṣe "gba èyí fi ra kírẹ́díìtì". Kẹ́ ẹ sì fún un ní ìsinmi tó dájú, òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù ó kéré tán, kí ẹlòmíì nínú àwọn ọmọ wá sùn ti màmá, kì í ṣe kó wá kí wọn fún wákàtí méjì kó ya fọ́tò lọ.

Kí màmá máa yípo láàárín àwọn ọmọ

Èyí máa ń dà bí ìdájọ́ òdodo lójú ẹbí. Oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Àwa náà ṣe é, a gbé màmá lọ sí Ìkòròdú.

Nílé tiwọn, téèyàn bá jáde ní yàrá, apá òsì ni ilé ìtọ̀ wà. N'Íkòròdú, apá òsì yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n pariwo, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, láti ọjọ́ yẹn lọ wọn ò jẹ́ bọ́ síta yàrá mọ́, kó tó pé oṣù méjì àti ìrìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n padà s'Íbàdàn díẹ̀ nínú ẹ̀ padà, gbogbo ẹ̀ kò padà.

Èrò mi ò yí padà lórí èyí láti ìgbà náà. Kì í ṣe arúgbó tí iyè ẹ̀ ti rá ló yẹ kó máa yípo, ẹ̀yin ọmọ ni kẹ́ ẹ máa yípo wá bá wọn. Tó bá wá di dandan kí wọ́n kúrò nílé wọn, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n lọ síbì kan kí wọ́n dúró síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé ibùsùn wọn, àga wọn, aṣọ ìbora wọn, fọ́tò bàbá tẹ̀lé wọn, kẹ́ ẹ tò wọ́n nínú yàrá tuntun bí wọ́n ṣe tò nínú ti àtijọ́.

Gbígba ẹni tó máa wá tọ́jú wọn nílé

Níbí ni àwa wà báyìí, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀ torí ó ní oríṣi, àwọn èèyàn sì máa ń kó gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ọmọ ọ̀dọ̀ wà, tàbí mọ̀lẹ́bí láti abúlé. Owó ẹ̀ kéré jù, ó sì lè sọ Yorùbá ìlú yín pẹ̀lú màmá, àmọ́ ẹ má gbé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tì wọ́n, kò lè gbé wọn dìde, kò sì yẹ kó jẹ́ pé òun ló ń jí lóru, ọmọ fúnra ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tí a ń pè ní ọ́síllárì nọ́ọ̀sì, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní kíláńíìkì àdáni, wọ́n lè wẹ̀ fún wọn, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n lè fún wọn lóògùn lásìkò, àwọn kan dáa gan-an, àwọn kan sì ń fi aṣọ funfun gbówó. Nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ńsì ló wọ́n jù, ẹ ò sì nílò ẹ̀ lójoojúmọ́ àfi tí wọ́n bá ti ní egbò ẹ̀yìn tàbí tí wọ́n bá ń fi rọ́bà jẹun tàbí tọ̀.

Lórí owó, ìjọba fi 70,000 náírà ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024. Ẹni tó ń sùn lọ́dọ̀ yín, tó ń nu ìgbẹ́ arúgbó, tó ń jí lóru, ẹ má fún un ní ohun tó kéré sí ìyẹn, ẹ kàn ń fi àìsanwó pe ìkà sínú ilé ni. Ẹ sì fi sọ́kàn pé ẹnì kan kò lè ṣe ọ̀sán kó tún ṣe òru. Bí owó yín bá tó ẹnì kan ṣoṣo, òru ni kẹ́ ẹ rà, kí ẹbí ṣe ọ̀sán.

Ẹni àkọ́kọ́ tá a gbà, ọwọ́ ẹ́jẹ́ńtì kan la ti rí i. A sanwó fọ́ọ̀mù, a san owó oṣù kan sílẹ̀ fún ẹ́jẹ́ńtì, wọ́n ní wọ́n ti yẹ gbogbo ìwé ẹ̀ wò. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa, inú wa dùn, a ní ẹ rí i, a ò bá ti tètè gbà á. Àmọ́ wọ́n ń sùn di ọ̀sán, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí mò ń yí máátìrẹ́ẹ̀sì padà ni mo rí páálí oògùn oorun lábẹ́ ẹ̀, ó ti tán. Kò sí dókítà tó kọ ọ́. Nígbà tí mo pe ẹ́jẹ́ńtì, wọ́n ní àwọn á fi ẹlòmíì rọ́pò. Gáríńtọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ. Torí náà kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn mọ́jú nílé yín, ẹ lọ sílé gáríńtọ̀ fúnra yín, ẹ rí ojú ẹ̀. Ẹ pe ilé tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tó fi kúrò. Oògùn, ẹ tì í sínú àpótí kí ẹnì kan nínú ẹbí máa kó ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan síta. Oògùn tó ń pa arúgbó sójú oorun ń gbé wọn ṣubú, àwọn oògùn tí wọ́n ń fún alárùn ọpọlọ kí ara wọn lè balẹ̀ sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti 2005 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára wọn pé wọ́n lè tètè pa àgbà tó ní dìmẹ́ńṣíà. Dókítà lè ní ìdí tó fi máa kọ ọ́, ẹlòmíì ò ní.

Ẹnì kejì tá a gbà, opó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan, ìyá ọkọ ẹ̀ ló tọ́jú títí ìyẹn fi kú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aago mẹ́fà àbọ̀, màmá dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti fẹ́ la ẹnu, obìnrin yìí gbọwọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Ó ní "Màmá, ẹ má tíì ti ṣọ́ọ̀bù o, ọjà ṣì wà nílẹ̀ tá ò tíì ká." Ó ti lọ gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ kan, ó kó o sínú báàgì Gánà Mọ́sgo, ó dà á síwájú wọn. Màmá jókòó. Wọ́n mú aṣọ kan, wọ́n na ọwọ́ gbọọrọ, wọ́n fi etí aṣọ kan imú wọn bí wọ́n ṣe máa ń wọn ọ̀pá nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́. Obìnrin yìí bi wọ́n pé "Màmá, èló ni èyí?" wọ́n dá a lóhùn láìwo ojú ẹ̀ pé "Ìwọ ní èló lo máa san." Wọ́n ná ọjà náà fún bí wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni mo ti gbọ́ kí wọ́n fi gbólóhùn tó gún dáni lóhùn kẹ́yìn. Títí di òní, aago mẹ́fà ni a máa ń da aṣọ sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba èèyàn, ẹni tó ní irú ojú inú yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sán kan pẹ̀lú wọn kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ má wo ìwé ẹ̀ nìkan, ẹ wo ohun tó ṣe nígbà tí wọ́n bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kẹfà.

Ilé àwọn àgbàlagbà

Ìtìjú ló pọ̀ jù níbí, wọ́n á ní ẹ lọ ju ìyá yín nù. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọmọkùnrin kan, òun nìkan ṣoṣo ni ìyá ẹ̀ bí, iṣẹ́ ẹ̀ wà lórí ọkọ̀ ojú omi, kí ló fẹ́ ṣe? Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé àgbàlagbà kan ní Yábàá, àwọn Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Mùṣín, àwọn aládàáni náà wà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Èkó ló wà.

Agbára ilé àgbà ni pé òru wọn ní ẹni tó ni ín. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru ń lọ sùn láàárọ̀. Àìlera ẹ̀ ni pé ibi tuntun ni, ojú tuntun ni, owó àwọn aládàáni sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdánilójú pé wọ́n mọ ohun tí dìmẹ́ńṣíà jẹ́, àwọn ilé kan dáa fún àgbà tí orí ẹ̀ pé àmọ́ tí wọ́n bá rí ẹni tó ń rìn kiri wọ́n á máa tì í mọ́ yàrá. Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló ń jí lóru, fún àgbà mélòó. Ẹ lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ní àsìkò oúnjẹ alẹ́. Tí òórùn ìtọ̀ bá kí yín káàbọ̀ láti ẹnu géètì, ẹ yí padà. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fún àgbà lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, torí ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa gbọdọ̀ jókòó gún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oúnjẹ á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé ta ló ń sọ Yorùbá níbẹ̀.

Gbígbé wọn lọ òkè òkun

Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níta má bínú, mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2012 ni òfin mímú òbí wá gbé ti le débi pé àwọn díẹ̀ ló ń rí i gbà, físà àbẹ̀wò ò sì sábà ju oṣù mẹ́fà lọ, tí wọ́n bá gba ìtọ́jú ní ọsibítù ìjọba, àlejò lè san ìlọ́po kan àbọ̀ iye tí ìtọ́jú náà jẹ́. L'Ámẹ́ríkà, títí di ìparí 2025, ọmọ tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè lè mú òbí wá, àmọ́ òbí tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó tó lè fowó ra Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn àgbà. Àmọ́ ká tiẹ̀ ní ìwé ti wà, bí àìsàn yìí bá ń le sí i, èdè tí wọ́n kọ́ kẹ́yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì á lọ, Yorùbá á kù, ẹ ó sì ti lọ síbi iṣẹ́ fún wákàtí méjìlá. Ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Ti àwọn òbí tó ti ń gbé níbẹ̀ láti ogójì ọdún yàtọ̀, ẹ má gbé ìyẹn wálé torí pé "ilé ni àbọ̀ sinmi oko", Lọ́ńdọ̀nù ni ilé wọn. Ẹ bèèrè fún care needs assessment, ìyẹn àyẹ̀wò irú ìtọ́jú tí wọ́n nílò, lọ́wọ́ council, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

Orí òkè àti ilé àdúrà

Mo jẹ́ onígbàgbọ́, mò ń gbàdúrà fún màmá mi láràárọ̀, wọ́n ṣì máa ń bá mi kọ orin náà parí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orin pẹ́ nínú wọn ju ọ̀rọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ibi tí wọ́n gbé bàbá ọkọ mi lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì la tó lọ wò wọ́n níbẹ̀, okùn wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, wọ́n ní kí wọ́n má baà sá lọ ni, wọ́n ní ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó ní ṣúgà. Kì í ṣe tiwa nìkan, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde ní 2019 nípa àwọn tí wọ́n ń so mọ́lẹ̀ báyìí kárí Nàìjíríà, nílé àdúrà, nílé oníṣègùn, nínú ilé ìjọba pàápàá.

Ohun mìíràn tún wà. Arúgbó obìnrin tí iyè ẹ̀ rá lè sọ ohunkóhun. Tí wòlíì bá bi í pé "ṣé ìwọ lo pa ọmọ lágbájá?" ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá bi màmá mi pé ṣé àwọn ló kọ́ UCH, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pe àwọn ìyá lájẹ̀ẹ́, wọ́n sọ wọ́n lókò. Ẹnu ẹni tí iyè ẹ̀ ti rá kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níṣojú àwùjọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni, tí wọ́n ṣì ń wẹ̀, tí wọ́n ṣì ń jẹun fúnra wọn, ẹ fi wọ́n sílé wọn, kí ọmọ kan tàbí mọ̀lẹ́bí tó dàgbà máa gbé tì wọ́n, kí àwọn yòókù máa sanwó fún un.

Tí wọ́n bá ti ń rìn kiri tí òru sì ti ń le, tí owó bá wà lọ́wọ́ ọmọ mẹ́ta mẹ́rin láti dá jọ, ẹ gba èèyàn fún òru kí ẹnì kan nínú ẹbí sì máa wà nínú ilé lọ́sàn-án. Ẹ má gba èèyàn sílé tí kò sí ọmọ kankan tó ń dé síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Tí gbogbo yín bá wà ní òkè òkun, ẹ wá mọ̀lẹ́bí kan tàbí ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó máa ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fún òun náà lówó, kámẹ́rà inú pálọ̀ kò tó, kámẹ́rà kì í gbọ́ òórùn.

Tó bá jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni yín, tàbí ara ẹni tó ń tọ́jú wọn ti kọ̀, tàbí wọn ò lè dìde mọ́ tí ilé yín sì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní omi, ẹ wá ilé àgbà tó dáa, ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìbora wọn, kẹ́ ẹ máa lọ jẹun pẹ̀lú wọn. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, kẹ́ ẹ tó fi owó kankan sílẹ̀, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè sórí ẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa jí ní òru kọ̀ọ̀kan sí iwájú ẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sí WhatsApp ẹbí. Tí orúkọ kan ṣoṣo bá wà níwájú òru méjèèje, ẹ tún un kọ.